Bí A Ṣe Ń Ṣe Àkọsílẹ̀ Òjò àti Ooru fún Ìlú Tí Kò Sí Láyé

Ìlú inú ìtàn yín lè máà sí láyé, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, òjò náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti wá. Ohun tó sábà máa ń ba àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ìlú àfinúrò jẹ́ ni pé ẹni tó ń ṣe é á jókòó ti tábìlì, á kọ ìwọ̀n ooru oṣù méjìlá bó ṣe wù ú, á kọ ìwọ̀n òjò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà tó bá ṣe tán ni yóò tó máa wá òkè àti òkun tí yóò yà sí máàpù. Máàpù ló yẹ kó ṣáájú. Bí a bá ti mọ ibi tí òkun wà, apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti bí ilẹ̀ ṣe ga tó, púpọ̀ nínú nọ́ńbà náà ti yan ara wọn nìyẹn. Èyí tó kù ni kí a rí i pé wọn kò ta ko ara wọn: òjò kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọ̀rinrin, ọ̀rinrin kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ òtútù òru, oòrùn kò sì gbọdọ̀ ràn ju bí ọ̀sán ṣe gùn tó lọ.

Ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ nílò rẹ̀, ẹni tó ń ṣe géèmù nílò rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà yìí ló ń sọ ohun tí wọ́n ń gbìn, irú òrùlé tí wọ́n ń kàn, oṣù tí odò ń kún, oṣù tí ọ̀nà ń gbẹ tí ọmọ ogun lè fi jáde. Bí ẹ bá sọ pé iyán ni oúnjẹ ojoojúmọ́ ní ìlú tí òjò rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 400 mílímítà, tí kò sì sí odò tí wọ́n ń fà wọ oko, àgbẹ̀ tó bá kà á yóò béèrè ibi tí iṣu náà ti wá.

Ilẹ̀ kan la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ayé rẹ̀ rí bíi tiwa: ó fi dígírì 23.4 tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wákàtí 24 ni ọjọ́ rẹ̀. Ìlú mẹ́ta wà níbẹ̀, gbogbo wọn ní dígírì 18 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Èbúté-Àrán wà létí òkun ní ìlà-oòrùn. Orí-Àpáta wà lórí òkè gbalasa kan ní àárín, gíga rẹ̀ jẹ́ 1,900 mítà. Pápá-Ìṣọ̀ wà lẹ́yìn òkè náà ní ìwọ̀-oòrùn, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ga ní 300 mítà. Oòrùn kan náà ló ń ràn sí wọn, ojú ọjọ́ wọn kò sì ní jọra.

Máàpù kí nọ́ńbà tó dé

Ẹ kọ́kọ́ kọ látítúùdù ìlú sílẹ̀, ìyẹn iye dígírì tó fi jìnnà sí agbedeméjì ayé. Lórí ayé tiwa, ìpíndọ́gba ooru ọdún ní ìhà àríwá, tí a bá kà á ní ojú òkun, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ báyìí: láti 0 dé 10, bíi 26 sí 27°C, ní 20, bíi 25, ní 30, bíi 20, ní 40, bíi 14, ní 50, bíi 6, ní 60, ó ti wọ abẹ́ òdo díẹ̀. Láti 0 dé 20, ooru kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Láti 30 lọ ló ń já wálẹ̀, ní 6 sí 8°C fún dígírì mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fa ìlà gbọọrọ kan láti agbedeméjì dé orí ayé níbi tí yìnyín wà máa ń ṣìnà níbi yìí: ìlú wọn tó wà ní 20 á gba ooru 16°C, bẹ́ẹ̀ nítòsí 37 ni irú ooru bẹ́ẹ̀ ti yẹ.

Afẹ́fẹ́ ló kàn. Láti agbedeméjì dé nǹkan bí 30, láti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá. Láti 30 dé 60, láti ìwọ̀-oòrùn. Kọjá 60, ó tún padà sí ìlà-oòrùn. Ní agbedeméjì, afẹ́fẹ́ ń gòkè, ó ń ṣú, òjò ń rọ̀. Ní nǹkan bí 30, afẹ́fẹ́ ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gbẹ, ìdí nìyẹn tí aṣálẹ̀ ńláńlá fi wà níbẹ̀. Agbègbè òjò yìí kì í dúró lójú kan. Ó ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá, ó ń bá a padà sí gúúsù. Ó ń gba orí Èkó kọjá lẹ́ẹ̀mejì, Èkó sì ń rí góńgó òjò méjì, ọ̀kan ní oṣù kẹfà, èkejì ní àsìkò àrọ̀kúrò, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Kánò wà lókè ní 12, ibẹ̀ ni agbègbè òjò náà ti ń yí padà, nítorí náà góńgó kan ṣoṣo ni Kánò ní, ní oṣù kẹjọ. Ẹ lè fi èyí ṣe òfin: láti 0 dé nǹkan bí 9, góńgó méjì, láti 10 dé 20, góńgó kan.

Ṣùgbọ́n látítúùdù nìkan kò tó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó tó. Ẹ wo Lima ní Peru, ẹ wo Salvador ní Bahia, ìlú tí ẹni tó bá mọ ìtàn Yorùbá ní Brazil kò lè ṣàìmọ̀. Méjèèjì wà ní 12 sí 13 ní gúúsù. Salvador kọjú sí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, omi tó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, òjò rẹ̀ lọ́dún sì sún mọ́ 2,000 mílímítà. Lima kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Omi tútù tí wọ́n ń pè ní Humboldt ń ṣàn kọjá níwájú rẹ̀, òkè Andes dí i lẹ́yìn, òjò rẹ̀ lọ́dún kì í sábà tó 20 mílímítà. Omi tútù ló ń mú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kò lè gòkè, ìkùukùu á bo ìlú fún oṣù mélòó kan láìrọ òjò. Nítorí náà, etí òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀, láti bíi 15 dé 30, ẹ fún un ní omi tútù, ìkùukùu àti aṣálẹ̀. Etí òkun ìlà-oòrùn ní látítúùdù kan náà, ẹ fún un ní omi gbígbóná àti òjò.

Ọ̀nà tí etí òkun gbà tẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti Èkó dé Àkrá kò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ, síbẹ̀ òjò Àkrá jẹ́ bí ìdajì ti Èkó. Afẹ́fẹ́ òjò tó ń wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun Ghana àti Tógò kọjá ni, kò forí sọ ọ́, omi òkun níbẹ̀ sì máa ń tutù láàrin ọdún. Ìdí nìyẹn tí pápá koríko fi dé etí òkun láti Ghana dé Benin, tí igbó kìjikìji fi já láàrin. Irú àlàfo báyìí ló ń jẹ́ kí máàpù àfinúrò rí bí ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé.

Òkè ló ṣe pàtàkì jù lọ fún àpẹẹrẹ wa. Ní erékùṣù ńlá Hawaii, Hilo wà ní apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, òjò rẹ̀ lé ní 3,000 mílímítà lọ́dún. Kawaihae wà lẹ́yìn òkè, kò jìnnà sí Hilo tó 100 kìlómítà, òjò rẹ̀ kò tó 300. Afẹ́fẹ́ tó bá gun òkè á tutù, á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní iwájú, á wá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn òkè ní gbígbẹ àti gbígbóná. Pápá-Ìṣọ̀ yóò gbẹ, a ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó kọ nọ́ńbà kankan.

Gíga ilẹ̀

Gbogbo ìwé ló ń sọ pé kí a yọ 6.5°C fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gòkè. Òtítọ́ ni fún òkè ṣóńṣó tó dá dúró nínú afẹ́fẹ́. Fún ìlú tó wà lórí òkè gbalasa, ó ń mú un tutù jù. Quito fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí agbedeméjì, gíga rẹ̀ jẹ́ 2,850 mítà. Bí ẹ bá fi 6.5 yọ ọ́ lára 27, ẹ ó rí 8.5°C, bíi 14 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Addis Ababa wà ní nǹkan bí 2,350 mítà, ìṣirò á fún yín ní bíi 12, bíi 16 ló wà níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé oòrùn ń mú ilẹ̀ gbalasa náà gbóná, ilẹ̀ náà sì ń mú afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ gbóná. Fún òkè gbalasa ní ilẹ̀ olóoru, ẹ yọ 5 fún kìlómítà kan, ẹ fi 6.5 sílẹ̀ fún ṣóńṣó òkè.

Orí-Àpáta nígbà náà: 26 lójú òkun, ẹ yọ 9.5, ó kù 16.5°C. Èbúté-Àrán dúró sórí 26. Pápá-Ìṣọ̀ ì bá jẹ́ 24.5, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè sì ń gbóná bó ṣe ń bọ̀; ẹ fi 2.5 kún un, ó di 27.

Ooru oṣù méjìlá

Ohun méjì la nílò: bí ooru ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ tó, àti oṣù tó ń dé góńgó. Ẹ jẹ́ kí a pe ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàrin oṣù tó gbóná jù àti oṣù tó tutù jù ní ìyíra. Létí òkun nítòsí agbedeméjì, ìyíra kì í ju 1 tàbí 1.5 lọ. Lisbon tó wà nítòsí 39, létí òkun ìwọ̀-oòrùn, ní bíi 6. Beijing tó wà ní 40, tí afẹ́fẹ́ àárín ilẹ̀ ń fẹ́ sí, ní bíi 15. Verkhoyansk ní Sìbéríà, bíi 30, nítorí pé oṣù kìíní rẹ̀ wà nítòsí −45 tí oṣù keje rẹ̀ sì wà nítòsí 16. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí òkun níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni ìyíra rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní ti góńgó, ilẹ̀ ń gbóná tán ní bí oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ tí oòrùn ga jù, òkun ń gbà tó oṣù méjì. San Francisco tilẹ̀ ń dúró di oṣù kẹsàn-án kí ó tó gbóná jù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tó ní ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, ẹ má gbàgbé pé ìkùukùu ń bo oòrùn. Ní Kánò, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ló gbóná jù, kí òjò tó dé. Oṣù kẹjọ tutù jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àfinúrò ló fi ooru tó le jù àti òjò tó pọ̀ jù sí oṣù kan náà. Létí òkun ó lè rí bẹ́ẹ̀, nínú ilẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Fún Èbúté-Àrán, ìpíndọ́gba 26, ìyíra 3, góńgó ní oṣù kẹjọ. Ẹ kọ nọ́ńbà oṣù, 1 dé 12, sínú òpó A ní Excel tàbí Google Sheets láti ìlà kejì lọ, kí ẹ kọ èyí sí òpó B:

=26+3*COS(2*PI()*(A2-8)/12)

Oṣù kejì á fún yín ní 23, oṣù karùn-ún 26, oṣù kẹjọ 29, oṣù kọkànlá 26. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ tún un ṣe díẹ̀: ẹ fi 0.3 kún ibì kan, ẹ yọ 0.4 níbòmíì, nítorí ìlà tó yọ̀ mọ́lẹ̀ báyẹn kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìlú kankan. Fún Orí-Àpáta, ẹ fi góńgó sí oṣù karùn-ún.

Òjò, àti lẹ́tà tó ń jẹ́

Òjò Èbúté-Àrán, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, ní mílímítà: 60, 45, 40, 50, 95, 210, 230, 240, 290, 220, 130, 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,690. Agbègbè òjò dé ní oṣù kẹfà. Oṣù kẹsàn-án ló pọ̀ jù nítorí pé omi òkun ti gbóná kọjá 26.5°C, ìlú náà sì jìnnà sí agbedeméjì ju 5 lọ, ibi tí ìjì ńlá orí òkun ti lè yí nìyẹn. Ọ̀kan péré nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀ lè da 200 mílímítà sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn ṣì ń gbé òjò wẹ́wẹ́ wọlé, nítorí náà kò sí oṣù tó gbẹ táútáú.

Àyẹ̀wò tó kàn ni ti Wladimir Köppen, onímọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n bí ní Saint Petersburg, ẹni tó gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1884; Rudolf Geiger tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ó fi lẹ́tà sọ irú ojú ọjọ́ tí ìlú ní. A ni ilẹ̀ olóoru, tí oṣù rẹ̀ tó tutù jù kò kéré sí 18°C. C ni èyí tí oṣù tó tutù jù wà láàrin 0 sí 18. Fún D, oṣù tó tutù jù wà lábẹ́ òdo ṣùgbọ́n oṣù tó gbóná jù dé 10. E kò ní oṣù kankan tó dé 10. B ni ilẹ̀ gbígbẹ, òun la sì ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí ìlú bá ti jẹ́ B, kò sí ìdí láti wo ìyókù.

Báyìí la ṣe ń mọ B: ẹ fi 20 sọ ìpíndọ́gba ooru ọdún di púpọ̀. Bí ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún òjò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá rọ̀ ní oṣù mẹ́fà tí oòrùn ga, ẹ fi 280 kún un. Bí ó bá wà láàrin 30 sí 70, ẹ fi 140 kún un. Bí kò bá tó 30, ẹ má fi nǹkan kún un. Bí òjò ọdún kò bá tó iye tí ẹ rí, ilẹ̀ gbígbẹ ni; bí kò bá tó ìdajì rẹ̀, aṣálẹ̀ ni. Oṣù mẹ́fà náà ni ìkẹrin sí ìkẹsàn-án ní àríwá. Ní gúúsù, ìkẹwàá sí ìkẹta ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe.

Èbúté-Àrán: 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rọ̀ ní ìkẹrin sí ìkẹsàn-án, nítorí náà 20 × 26 + 140 = 660. Òjò 1,690 kọjá rẹ̀ jìnnà. Oṣù tó tutù jù jẹ́ 23, A ni. Oṣù tó gbẹ jù ní 40 mílímítà, kò tó 60, nítorí náà kì í ṣe Af, ilẹ̀ tí oṣù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń rí ó kéré tán 60. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú 25 òjò ọdún kúrò lára 100: 100 − 67.6 = 32.4. Ogójì ju 32.4 lọ, Am ni, ilẹ̀ òjò tó ní ẹ̀ẹ̀rùn kúkúrú tí igbó sì lè fara dà á. Bí ẹ bá sọ oṣù kẹta di 30 dípò 40, ó di Aw, ilẹ̀ pápá. Mílímítà mẹ́wàá péré ló wà láàrin wọn. Nígbà tí ìlú bá wà lójú ààlà báyìí, ẹ kọ ọ́ sínú máàpù pé igbó àti pápá ń pàdé níbẹ̀, ó dára fún ìtàn.

Pápá-Ìṣọ̀, òjò 420, ìpín 80 nínú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà òkè yẹn: 20 × 27 + 280 = 820, ìdajì rẹ̀ 410. Ó kọjá aṣálẹ̀ pẹ̀lú mílímítà mẹ́wàá. Ẹran ọ̀sìn lè jẹko níbẹ̀, ọkà bàbà lè ṣe ní ọdún tó bá dára. Orí-Àpáta, òjò 900, 180 nínú oṣù tó pọ̀ jù, 8 nínú oṣù tó gbẹ jù, ooru oṣù tó tutù jù 13.5, ti oṣù tó gbóná jù 19.5: Cwb, ìyẹn C tí ìgbà òtútù rẹ̀ gbẹ tí ìgbà ooru rẹ̀ kò sì le, irú kan náà pẹ̀lú Addis Ababa. Àgbọn kò ní so níbẹ̀, ẹ má yà á sí ìgboro.

Ìdí tí ooru fi wọ inú ìṣirò òjò nìyí: omi tó ń rọ̀ kọ́ ni ilẹ̀ ń lò, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí oòrùn ti fà á lọ ni. Òjò Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún jẹ́ bíi 600 mílímítà, kò tó ìdajì ti Èkó, síbẹ̀ koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láti ọdún dé ọdún, nítorí ooru rẹ̀ wà nítòsí 11 tí 20 × 11 + 140 sì jẹ́ 360 péré. Ẹ gbé 600 yẹn lọ sí Pápá-Ìṣọ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò ṣì jẹ́.

Ìrì ni ẹlẹ́rìí

Ìrì ń sẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù dé ibi tí kò ti lè gba omi inú rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ooru ibi yẹn ni a ó pè ní ojú ìrì. Nọ́ńbà yìí kì í fò sókè fò sódò láàrin ọjọ́, òun sì ló so ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru. Ní ilẹ̀ tó lọ́rinrin, ooru òru kì í sọ̀ kọjá ojú ìrì púpọ̀. Nítorí náà, ẹ yan ojú ìrì, ẹ fi ooru tó kéré jù sí 1 tàbí 2 lókè rẹ̀, kí ẹ tó wá ka ọ̀rinrin ọ̀sán.

Èbúté-Àrán ní oṣù kẹjọ: ìpíndọ́gba 29, ìyàtọ̀ ọ̀sán sí òru létí òkun jẹ́ 7, nítorí náà ọ̀sán 32.5, òru 25.5. Ojú ìrì 24.5. Ọ̀nà kúkúrú ni kí ẹ fi 5 sọ ìyàtọ̀ ooru sí ojú ìrì di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ lára 100: ọ̀sán jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, òwúrọ̀ kùtùkùtù jẹ́ 95. Ó bára mu. Ọ̀nà kúkúrú yìí kò ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Pápá-Ìṣọ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, 33°C, ojú ìrì 8: yóò fún yín ní nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ lo èyí, tí ojú ìrì wà ní D2 tí ooru sì wà ní C2:

=100*EXP(17.67*D2/(D2+243.5))/EXP(17.67*C2/(C2+243.5))

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí ọyẹ́ máa ń mú wá, tí ètè fi ń bó. Òru ibẹ̀ lè sọ̀ dé 15, nítorí kò sí ìkùukùu tó dá ooru dúró.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìtàn àròsọ ni ìlú tó ní 38°C lọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀rinrin 95. Ojú ìrì rẹ̀ á jẹ́ 37. Dhahran ní Saudi Arabia dé 35 lọ́dún 2003, ohun tó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni. Ní 37, òógùn kò lè mú ara ènìyàn tutù mọ́, ẹni tí kò bá rí ibi tútù sá sí lè kú láàrin wákàtí díẹ̀.

Ìyẹn tán, ó ku oòrùn. Ní látítúùdù 18, ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún jẹ́ wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 5, èyí tó kúrú jù jẹ́ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 55. Ìpíndọ́gba wákàtí oòrùn kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, ní oṣù òjò ó sì yẹ kó jìnnà sí i: ní Èkó, oṣù keje kì í ju wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lójúmọ́.

Láti oṣù dé ọjọ́

Géèmù nílò ojú ọjọ́ ojoojúmọ́. Ẹ má pín 290 mílímítà oṣù kẹsàn-án sí 30 kí ẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní 9.7. Òjò kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yan iye ọjọ́ òjò, ká ní 17. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 17 nínú 30, ìyẹn 0.567. Òjò àná máa ń pe tòní, nítorí náà àǹfààní méjì la nílò: bí àná bá gbẹ, àǹfààní òjò lónìí jẹ́ 0.75 × 0.567 = 0.425, bí òjò bá rọ̀ lánàá, ẹ fi 0.25 kún un, ó di 0.675. Ní òpó B ìwé tuntun kan, lẹ́yìn tí ẹ ti kọ 0 tàbí 1 sí ìlà àkọ́kọ́:

=IF(RAND()<IF(B1=1,0.675,0.425),1,0)

Ìwọ̀n òjò ọjọ́ kan jẹ́ 290 ÷ 17, bíi 17 mílímítà, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ló ń rọ̀ díẹ̀ tí ọjọ́ díẹ̀ ń rọ̀ gan-an. Ní òpó C:

=IF(B2=1,1+GAMMA.INV(RAND(),0.7,22.9),0)

Òǹkà 1 tó wà níwájú ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọjọ́ òjò la kà sí ọjọ́ tó dé mílímítà 1. Láìsí òǹkà yẹn, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ òjò yín tí kò ní dé 1, ọjọ́ 17 á di 15, ẹ ó sì máa wá ibi tí méjì gbà lọ.

Fún ooru, ẹ mú ìpíndọ́gba ọjọ́ náà, ẹ fi ìyapa kún un. Ìyapa òní jẹ́ 0.7 ìyapa àná pẹ̀lú NORM.INV(RAND(),0,0.86) fún ilẹ̀ olóoru, tàbí 2.9 dípò 0.86 fún ìgbà òtútù ní látítúùdù 45. Lọ́jọ́ òjò, ẹ yọ 2 tàbí 3 kúrò lára ooru ọ̀sán, ẹ fi ti òru sílẹ̀.

Wàhálà méjì ló wà níbi yìí. RAND, tó ń mú nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ jáde, ń yí padà nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ìwé náà. Bí ẹ bá ti rí ọdún tó wù yín, ẹ ṣe àdàkọ rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà ní Values nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkún omi tí ẹ ti kọ sí orí kẹta ìwé yín á pòórá. Èkejì ni pé ìlànà yìí ń mú kí ọdún jọra jù. Ẹ ṣe ọgbọ̀n ọdún, ẹ ó rí i pé àpapọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gidi ní ọdún ọ̀dá àti ọdún ìkún omi. Ẹ fi òǹkà kan sọ òjò ọdún kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: láàrin 0.8 sí 1.2 fún Èbúté-Àrán, 0.5 sí 1.6 fún Pápá-Ìṣọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe gbẹ tó ni ọdún rẹ̀ ń yàtọ̀ síra tó, ìyàn sì ń ti ibẹ̀ wá.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan

Ẹni tó bá mọ èdè kọ̀ǹpútà Python lè lo ExoPlaSim, ètò ọ̀fẹ́ tí a ń fún ní máàpù àti oòrùn, tí yóò ṣírò afẹ́fẹ́, òjò àti ooru gbogbo ayé náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó sì nílò gfortran, ètò tó ń tú kóòdù Fortran sí èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò. Ó dára púpọ̀ bí ayé yín kò bá jọ tiwa. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ títí ooru ayé náà kò fi ní yí mọ́ láti ọdún dé ọdún kí ẹ tó kó nọ́ńbà kankan jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò, T21, pín ayé sí àpótí 64 lọ́nà ìbú àti 32 lọ́nà òró, àpótí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 620 kìlómítà ní agbedeméjì. Èkó àti Àkrá lè bọ́ sínú àpótí kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn á sì parẹ́. Òkè náà á tẹ́. Nítorí náà, àbájáde rẹ̀ ni ìpìlẹ̀, gbogbo iṣẹ́ òkè wọ̀nyí lẹ ó ṣì ṣe kí ó tó di ti ìlú.

Bí ayé yín bá tẹ̀ ju tiwa lọ, ìyíra yóò pọ̀; bí ó bá tẹ̀ kọjá nǹkan bí dígírì 54, orí ayé ni yóò máa gba oòrùn ju agbedeméjì lọ lọ́dún. Bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́, agbègbè afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn á fẹ̀ kọjá 30, aṣálẹ̀ á sún sókè.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ náà, ẹ kọ ìlà kan fún oṣù kan nínú ìlú kan: ìlú, látítúùdù, gíga, oṣù, ooru ọ̀sán, ooru òru, ojú ìrì, òjò, ọjọ́ òjò, wákàtí oòrùn, apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ní Excel, ẹ yan CSV UTF-8, kì í ṣe CSV lásán, tàbí kí àmì orí àti ìsàlẹ̀ Pápá-Ìṣọ̀ di ìjákujà. Kọ̀ǹpútà tún lè fi ọ̀nà méjì tọ́jú lẹ́tà ọ̀ kan náà, ojú ò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n VLOOKUP, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àtẹ, kò ní rí ìlú náà. Ẹ fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tí kò ní ohùn lórí, EBA, ORA, PAI, kí ẹ fi ìyẹn so àwọn àtẹ pọ̀, kí orúkọ tó pé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ wà ní òpó tirẹ̀ fún òǹkàwé.